Ọmọ Tó Fọ́jú Kì Í Ṣe Ọmọ Alágbe

Ní ọjọ́ kan tí mo ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ọkọ̀ wa kò tètè kún. A jókòó sínú rẹ̀ nínú oòrùn, àwọn tó ń kiri búrẹ́dì àti omi tútù ń nawọ́ sí wa lójú fèrèsé. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìlù kan tí ó mú mi yíjú padà. Agolo mílíìkì òfìfo ni ẹni tó ń lù ú so kọ́ ọrùn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó sì fi ń lù ú, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá di ojú, yóò búra pé onílù mẹ́ta ni ó dúró níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ni, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó ń fà á láti ọkọ̀ kan dé òmíràn. Bí wọ́n bá ti dúró, ìlù bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì mí ju owó sínú abọ́ tí ọmọbìnrin náà gbé lọ́wọ́. Ó ní, "Olúwa yóò ṣàánú rẹ, ọmọ mi." Èmi náà ju tèmi sí i. Mo wá bi ọmọbìnrin náà pé, "Ta ni ó kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìlù?" Ó rọra kúnlẹ̀, ó ní, "Kò sí ẹni tó kọ́ wọn, sà. Àwọn fúnra wọn ni." Kí n tó lè sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, awakọ̀ ti gbéra.

Títí a fi kọjá Mọ́níyà ni inú mi ń dùn pé mo ṣe ìtọrẹ àánú. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Fìdítì, inú dídùn náà ti pòórá, ìró agolo yẹn nìkan ni ó kù sí mi létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ni àwa méjìdínlógún tí a wà nínú ọkọ̀ yẹn ṣe fún ọmọ náà gan-an. A fún un ní owó oúnjẹ alẹ́, a sì fi í sílẹ̀ síbi tí a bá a. Bí a bá tún gba ibẹ̀ kọjá ní ogún ọdún sí i, kò sí ohun tí ó fi hàn pé a kò ní bá a níbẹ̀, àfi pé irùngbọ̀n yóò ti hù lágbọ̀n rẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò sì máa fà á.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. N kò bá àgbà jiyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ti sọ òwe yìí di ibi tí a ń sá pamọ́ sí. Bí a bá ti pa á tán, a ó ti ọwọ́ bọ àpò, a ó mú owó tí kò lè dùn wá, a ó sì máa bá ọ̀nà wa lọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá mi dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, kí a wo obìnrin tálákà kan tí kò gbà kí a fi irú òwe bẹ́ẹ̀ tu òun nínú.

Ray Charles ni ọmọ obìnrin náà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì rí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní ìlú Albany ní ìpínlẹ̀ Georgia, ṣùgbọ́n ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Greenville ní ìpínlẹ̀ Florida ni ó gbé dàgbà. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀, Aretha, tí wọ́n ń pè ní Retha. Ayé kò rọrùn rárá fún ènìyàn dúdú níbẹ̀ nígbà náà, pàápàá jù lọ obìnrin tí kò ní ọkọ nílé.

Nígbà tí Ray tó nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, George, kó sínú ọpọ́n omi tí ìyá wọn fi ń fọ aṣọ oníbàárà. Ray gbìyànjú láti fà á jáde, agbára rẹ̀ kò ká a. Ó sáré lọ pe ìyá wọn, ṣùgbọ́n kí ìyá náà tó dé, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ojú Ray bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní glaucoma ni wọ́n gbà pé ó mú un. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ojú ti fọ́ pátápátá.

Kí ojú tó fọ́ rárá ni orin ti mú ọmọ yìí. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wọn, Wylie Pitman, tí ó ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Red Wing. Dùùrù ògbólógbòó kan wà níbẹ̀, àpótí orin tí à ń sọ owó sí náà sì wà. Bí Ray bá ti gbọ́ tí ọ̀gbẹ́ni yìí ń tẹ dùùrù, yóò sá wọlé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá a bí ọmọdé ti í ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Pitman kò lé e jáde. Ó gbé e jókòó, ó sì fi hàn án bí a ti ń fi ìka kan ṣoṣo wá orin jáde. Mo máa ń ronú nípa ọkùnrin yìí. Kì í ṣe olùkọ́, kò gba kọ́bọ̀, oníbàárà sì wà níwájú rẹ̀ tí ó fẹ́ jẹun ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àgbàlagbà mélòó nínú wa ni ó lè fara da ariwo ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá ni mo ń bọ̀ sí. Obìnrin méjì ni Ray ń pè ní ìyá. Èkejì ni Mary Jane, tí ó ti fẹ́ bàbá rẹ̀ rí. Mary Jane a máa kẹ́ ẹ, a máa fún un ní ohun dídùn jẹ. Retha ní tirẹ̀ kò fi àyè gba ìkẹ́ tó kọjá ààlà. Lẹ́yìn tí ojú ọmọ fọ́, ó kọ́ ọ bí a ti ń gbálẹ̀, bí a ti ń fọ aṣọ, bí a ti ń dáná. Ó fi àáké lé e lọ́wọ́ kí ó máa la igi. Àwọn aládùúgbò kígbe. Wọ́n ní ìkà ni obìnrin yìí, pé báwo ni yóò ṣe ní kí ọmọ afọ́jú máa la igi. Ohun tí ó ń tẹnu mọ́ fún ọmọ náà ni pé ojú ni ó fọ́, ọpọlọ kò fọ́, àti pé òun kò ní wà láyé títí láé láti máa bá a ṣe nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí obìnrin yìí bá ń gbé láàrin wa, ní agbo ilé yín tàbí tiwa, kí ni a ó sọ nípa rẹ̀? Mo mọ ohun tí ìyá ọkọ yóò sọ. Mo mọ ohun tí àwọn obìnrin ilé yóò sọ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìdí ẹ̀rọ ọlọ. A kúkú ní ìdí tí a fi rí bẹ́ẹ̀, ìdí náà kò sì burú. Àwọn baba ńlá wa gbà pé ẹni òrìṣà ni arọ, abuké, àfín àti afọ́jú, pé ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n ti wá, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Àṣà tó dára ni, ó sì sàn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú tí a ti ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yẹn ti dúró sí ibì kan. Ó kọ́ wa kí a má ṣe fi afọ́jú rẹ́rìn-ín. Kò kọ́ wa kí a fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọmọ tí ó ríran ni a ń rán lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọ̀dọ̀ télọ̀ tàbí ilé-ìwé. Ọmọ tí kò ríran, a fi í sí ìgun ilé, a bu oúnjẹ fún un, a ní kí ó rọra jókòó. Nígbà tí òbí bá kú, tí kò sí ẹni tí yóò bu oúnjẹ mọ́, ni a ń rí i ní ibùdókọ̀.

Retha kò jẹ́ kí tirẹ̀ jókòó. Ní ọdún 1937 ó fi ọmọ ọdún méje náà sínú ọkọ̀ ojú irin, ó rán an lọ sí ilé-ìwé àwọn adití àti afọ́jú tí ìjọba ìpínlẹ̀ Florida dá sílẹ̀ ní ìlú St. Augustine. Ọmọ náà sunkún títí. Ilé-ìwé yìí ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ funfun. Ẹ gbọ́ ná: àwọn ọmọ tí kò lè rí àwọ̀ ara wọn, ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀!

Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé Braille, èyí tí a fi ìka kà, ó sì kọ́ orin kíkà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin olùkọ́ orin, ẹ wo ìyà tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ríran lè fi ojú ka orin kí ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ dùùrù nígbà kan náà. Afọ́jú kò lè ṣe é, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Yóò fi ọwọ́ ọ̀tún ka ohun tí ọwọ́ òsì yóò tẹ̀, yóò fi í sórí. Yóò sì tún fi ọwọ́ òsì ka ti ọ̀tún, yóò fi ìyẹn náà sórí. Lẹ́yìn náà ni yóò tó da méjèèjì pọ̀. Bí Ray ti kọ́ orin Bach, Mozart àti Beethoven nìyẹn. Ó ní bí ó ti ń ṣe ọmọ tí ó bá fi gbogbo ìgbà ọmọdé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: orin á máa dúró sí i lórí bí ìgbà tí a kọ ọ́ sára ògiri. Nígbà tí ó dàgbà, a máa pe gbogbo orin tí fèrè kọ̀ọ̀kan yóò fọn láti orí, ẹlòmíràn a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Wọn kò kọ́ ọ ní jáàsì tàbí búlúùsì ní kíláàsì. Orin àwọn Òyìnbó àtijọ́ ni ti kíláàsì. Jáàsì àti búlúùsì, lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ni ó ti ń gbọ́ wọn, pàápàá Art Tatum, atẹdùùrù tí òun náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran rárá. Bí àyè bá sì yọ, yóò jókòó sí ìdí dùùrù, yóò máa wá ohun tí etí rẹ̀ ti gbọ́. Ilé-ìwé fún un ní irin iṣẹ́. Etí ni ó lọ fi wá ohun tí yóò fi irin iṣẹ́ náà ṣe.

Ní ọdún 1945, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ìyá rẹ̀ ti kú. Kò lè jẹun, kò lè sunkún, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ní Greenville, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ma Beck, ni ó pè é jókòó. Ó rán an létí ohun tí Retha ti ń kọ́ ọ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ó sì ní kò yẹ kí ó fi iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣòfò. Ìgbà náà ni ẹkún tó jáde. Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu yín lè wúwo tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá bọ́ sí àkókò.

Kò padà parí ilé-ìwé. Ó lọ sí Jacksonville, ó lọ sí Orlando àti Tampa, ó ń wá iṣẹ́ orin kiri. Ebi pa á dáadáa. Ní Jacksonville ó wọ ẹgbẹ́ àwọn olórin kí ó lè máa rí dùùrù tẹ̀ ní gbọ̀ngàn wọn, nítorí kò ní tirẹ̀. Ní Tampa ó bá ẹgbẹ́ àwọn Òyìnbó olórin oko ṣiṣẹ́. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ìkọ́ṣẹ́, irú èyí tí àwa pàápàá mọ̀ dáadáa. Nílé Àyàn, ọmọ tí a bí sí ìdí ìlù kì í fi ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlù kéékèèké ni a ó kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́, yóò máa tẹ̀lé àgbà, yóò máa lù ú bí àgbà ti lù ú, títí ọwọ́ yóò fi yá. Kò sì sí ìwé níbẹ̀. Etí ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí: àwa tí a ní irú ìkọ́ṣẹ́ tí kò bèèrè ojú lọ́wọ́ ènìyàn, báwo ni kò ṣe wá sí wa lọ́kàn pé a lè mú ọmọ afọ́jú tó létí ìlù lọ sí ìdí rẹ̀, ìbáà má jẹ́ ọmọ Àyàn?

Àwọn tí Ray ń tẹ̀lé ni Nat King Cole àti Charles Brown. Ó sín wọn jẹ débi pé bí ènìyàn kò bá yẹ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù wò, kò ní mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ni. Kò tijú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1948 ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń ta jìtá wo àwòrán ilẹ̀ kí ó bá òun wá ìlú ńlá tó jìnnà jù sí Florida ní Amẹ́ríkà. Seattle ni wọ́n rí. Ó wọ bọ́ọ̀sì, òun nìkan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò ríran, ó gba gbogbo ilẹ̀ náà kọjá. Ní Seattle ni Quincy Jones, tí ó kéré sí i ní ọjọ́ orí, ti ń tọ̀ ọ́ wá kí ó kọ́ òun bí a ti ń to ohùn fèrè pọ̀. Ẹ rò ó wò: afọ́jú ni ó ń fi bí a ti ń to orin han ẹni tó ríran. Ní 1949 ni àwo rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, "Confession Blues", ohùn Charles Brown ni a sì ń gbọ́ níbẹ̀ ju ohùn rẹ̀ lọ.

Ohun kan wà nínú ìwé tí ó kọ nípa ara rẹ̀ ní ọdún 1978, tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí ọmọ afọ́jú mọ̀. Ó ní ohun mẹ́ta ni òun kò fẹ́ ní láyé òun: ajá tí ń fa afọ́jú, ọ̀pá afọ́jú, àti jìtá. Ti ajá àti ọ̀pá kò ṣòroó mòye, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pá kò bu ẹnikẹ́ni kù. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi kórìíra jìtá? Ìdí ni pé ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà èwe rẹ̀, jìtá ni irin iṣẹ́ afọ́jú tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú ife fún owó. Àwọn tó pegedé wà nínú wọn: Blind Lemon Jefferson ní Dallas, Blind Willie McTell ní Atlanta. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù wọn wà títí dòní, àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ ìwé lé wọn lórí. Ẹ sì wo orúkọ tí a fún wọn: "Blind", afọ́jú, ni ó ṣíwájú orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Ray Charles kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn síwájú orúkọ tirẹ̀. Robinson pàápàá, orúkọ bàbá rẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò kí wọ́n má baà pè é mọ́ Sugar Ray Robinson tó ń kan ẹ̀ṣẹ́.

Àwa náà ní irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbé Èkó láyé ọjọ́un kò lè gbàgbé Benjamin Adéróunmú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kokoro, tí ó fi sámbà àti ohùn rẹ̀ ká gbogbo ìgboro. Cyprian Ekwensi tilẹ̀ fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé The Drummer Boy, tí ó jáde ní 1960. Kokoro kú ní ọdún 2009. N kò pe ọkùnrin náà ní alágbe o. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà lọ́mọdé, kò sí ilé-ìwé afọ́jú kankan ní Èkó tí ẹnikẹ́ni lè mú un lọ. Orin tí ẹni tó ní irú etí bẹ́ẹ̀ ì bá kọ bí ó bá ní ọdún mẹ́jọ ní ìdí dùùrù, ta ni ó lè sọ?

Nígbà tí Ray yóò fi rí ohùn ara rẹ̀, ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti ń jẹ nínú orin. Ilé-iṣẹ́ Atlantic ra ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1952. Ní 1953 ó wà ní New Orleans, ó ń to orin fún Guitar Slim, onígbe búlúùsì tí kì í fi ohùn pamọ́ rárá. Mo gbà pé ibẹ̀ ni nǹkan já fún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1954, ní ìlú Atlanta, ó gba ohùn "I Got a Woman" sílẹ̀. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni ó gbé wọ agbádá búlúùsì: igbe àwọn tí Ẹ̀mí gbé ní ọjọ́ ìsinmi ni ó fi ń kọrin ìfẹ́ obìnrin. Ariwo ta. Àwọn onígbàgbọ́ bínú, Big Bill Broonzy tí ó jẹ́ àgbà nínú búlúùsì náà bínú, ó ní kí ó lọ máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. N kò dá àwọn àgbà yẹn lẹ́bi pátápátá. Bí ẹnì kan bá gbé orin orò lọ sí ilé ọtí ní ìlú wa, a kò ní fi ọwọ́ lẹ́rán wò ó. Ṣùgbọ́n Ray kò ti ìta wá jí nǹkan ẹlòmíràn gbé. Láti kékeré ni orin méjèèjì ti wà létí rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti Red Wing.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1958, ní ìlú Brownsville ní Pennsylvania, orin tán lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àkókò ijó kò tíì pé. Ó ní kí àwọn onílù máa tẹ̀lé òun, ó ní kí àwọn obìnrin tó ń gbe orin rẹ̀ máa tún ohun tí òun bá sọ sọ. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni "What'd I Say", tí ó di àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1959. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé lílé àti gbígbè fún. Ti jáàsì rẹ̀ kò jinlẹ̀ jù báyìí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbọ́ rédíò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí Soul Brothers tí òun àti Milt Jackson ṣe, tàbí Genius + Soul = Jazz ti ọdún 1961, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Count Basie ti ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, kí ó jókòó gbọ́ ọ. Yóò gbọ́ ẹni tí kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn yìí fún ọmọ ilé-ìwé kò gbọdọ̀ fi èyí tó kù pamọ́. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Ray ti ń lo oògùn olóró tí ń jẹ́ heroin. Ní 1964 àwọn agbófinró mú un ní Boston, ní 1965 ni ó tó wọ ilé ìwòsàn tí ó sì jáwọ́. Ilé rẹ̀ kò tòrò, ọmọ méjìlá ni ó bí fún obìnrin púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 1961, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Augusta sọ fún un pé wọn yóò ya àwọn dúdú sọ́tọ̀ níbi eré rẹ̀, ó kọ̀, kò ṣeré náà. Onígbọ̀wọ́ eré pè é lẹ́jọ́, ó sì san owó ìtanràn. Sinimá tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 2004 ní wọ́n lé e kúrò ní Georgia títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1979 ni ìpínlẹ̀ náà sọ "Georgia on My Mind" tí ó gbé jáde ní 1960 di orin ìpínlẹ̀, wọ́n sì pè é wá kọ ọ́ níwájú àwọn aṣòfin. Nígbà tí ó tó àkókò láti fi owó rẹ̀ ṣe ìrànwọ́, àwọn tí etí ń dùn ni ó dá àjọ sílẹ̀ fún ní ọdún 1986. Lójú tirẹ̀, àwọn ni wọ́n wà nínú ìṣòro ju afọ́jú lọ. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2004 ni ó kú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí pé, "Amẹ́ríkà nìyẹn, wọ́n lówó." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní jiyàn rẹ̀. Bí ìjọba Florida kò bá ní ilé-ìwé ní St. Augustine, bóyá Retha ì bá la ọmọ náà ní iṣẹ́ títí, kò ní mọ Braille. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé alágbàfọ̀ ni Retha, kò ní nǹkan kan. Àwa náà kò sì wà láìní ilé-ìwé. Láti ọdún 1962 ni ilé-ìwé Pacelli ti wà ní Súrùlérè fún àwọn ọmọ tí kò ríran tàbí tí ojú wọn kò dára. Láti 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́ tí mo ń lọ ní ọjọ́ yẹn ni! Agolo ń dún ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ wà ní òpin ọ̀nà kan náà, kò sì sí ẹnì kan nínú ọkọ̀ wa, títí kan èmi tí mò ń kọ èyí, tí ó rántí sọ fún ọmọbìnrin yẹn.

Kí àwọn ìjọba wa náà má rò pé mo gbàgbé wọn. Ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta kò tó fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ohun èlò orin sì wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, àti ti àwọn tó ríran pàápàá. Ṣùgbọ́n olórí ìdílé kò ní láti dúró de ìjọba kí ó tó fi ìlù omele lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí ó tó bẹ atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ó jẹ́ kí ọmọ náà jókòó ti òun lẹ́yìn ìsìn.

Mo ti padà sí ibùdókọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. N kò bá wọn. Obìnrin kan tó ń ta àkàrà níbẹ̀ ní òun mọ̀ wọ́n, pé ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sábà máa ń wá, àti pé ìyá wọn ń gbé ní ìtòsí. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ sọ̀rọ̀, ó mọ ẹni tí a lè rí ní Ọ̀yọ́. A ó lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Ìyá wọn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.